Kọ̀ǹpáílà mẹ́ta lórí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo: bí ẹ̀dà gcc ṣe ń gbé pọ̀ láìjà

Ẹ ṣí tẹ́míná lórí kọ̀ǹpútà tó ń lo Ubuntu 22.04, tí build-essential (àkójọ irinṣẹ́ tó ní gcc nínú) ti wà lórí rẹ̀, kí ẹ tẹ èyí:

ls -l /usr/bin/gcc /usr/bin/gcc-11

Ìlà méjì ló máa jáde. Èkíní fi hàn pé gcc, kọ̀ǹpáílà tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, ń tọ́ka sí gcc-11, ìyẹn ẹ̀dà 11. Èkejì fi hàn pé gcc-11 fúnra rẹ̀ tún ń tọ́ka sí x86_64-linux-gnu-gcc-11. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni fáìlì gidi. Àmì ìtọ́ka lásán ni àwọn méjì tó ṣáájú, bí ìgbà tí wọ́n ya ọfà sára ògiri pé "ilé alágbẹ̀dẹ, gba ibí". Ẹni tó bá ti mọ ohun tí ìlà méjì yìí ń sọ ti mọ èyí tó pọ̀ jù nínú ìdáhùn sí ìbéèrè tó ń dààmú ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́: ṣé gcc méjì tàbí mẹ́ta lè wà lórí ẹ̀rọ kan láìba ara wọn jẹ́?

Wọ́n lè wà. Àwọn tó ń ṣe Debian àti Ubuntu ti tò ó bẹ́ẹ̀ láti ilẹ̀ wá. Ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan ní yàrá tirẹ̀, kì í wọ yàrá ẹnìkejì. Ohun tí wọ́n lè dù mọ́ ara wọn lọ́wọ́ kò ju orúkọ kúkúrú yẹn lọ, gcc. Nínú agbo ilé tí Táyé mẹ́ta wà, bí ẹ bá dúró lẹ́nu ọ̀nà tí ẹ ké "Táyé!", ẹni tó máa jáde lè má jẹ́ ẹni tí ẹ ń wá. Ẹ ké "Táyé ọmọ Ìyá Alákàrà", ọ̀rọ̀ ti parí. gcc lásán ni "Táyé". gcc-11 ni orúkọ kíkún. Ìmọ̀ràn wa láti òkè délẹ̀ ni pé kí ẹ máa pe ẹ̀dà tí ẹ fẹ́ ní orúkọ kíkún rẹ̀, kí ẹ sì fi orúkọ kúkúrú sílẹ̀ síbi tí ẹ bá a.

Kọ̀ǹpáílà ni sọ́fítíwíà tó ń sọ kóòdù tí èèyàn kọ ní èdè C tàbí C++ di èdè tí ẹ̀rọ gbọ́. GCC, tí Richard Stallman kọ́kọ́ gbé jáde lọ́dún 1987, ni èyí tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbí. Ṣùgbọ́n gcc tí a ń tẹ̀ ní tẹ́míná kì í dá iṣẹ́ náà ṣe, ọ̀gá iṣẹ́ ni. Bí ẹ bá gbé fáìlì C fún un, cc1 ló máa rán níṣẹ́. Bó bá jẹ́ C++, cc1plus ni. Lẹ́yìn náà ló máa pe as, tó ń sọ ohun tí cc1 kọ di fáìlì .o, kó tó wá pe ld, tó ń so àwọn fáìlì .o àti àwọn láíbìrì pọ̀ di prógíráàmù kan. Ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan ló ní cc1 àti cc1plus tirẹ̀. Ní ti as àti ld, gbogbo wọn ló jọ ń lò ó, inú páákéèjì tó ń jẹ́ binutils ni wọ́n ti wá. Ẹ fi ìyàtọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí a máa padà sí i.

Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni á fi nílò ju ẹyọ kan lọ? Nítorí pé kọ̀ǹpáílà máa ń yíwà padà. Ẹ wo GCC 10, tó jáde ní 2020. Ṣáájú rẹ̀, bí ẹ bá kọ "int iye;" sínú fáìlì .h (èyí tí wọ́n ń pè ní header), tí fáìlì .c méjì sì pe fáìlì .h náà, "iye" méjì yẹn á di ọ̀kan ṣoṣo, láìsí ariwo. GCC 10 wá sọ -fno-common di ìṣe rẹ̀ láti ilé, ld sì ń kọ̀ ọ́ báyìí: "multiple definition of `iye'". Kóòdù tó ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún gbọọrọ á kàn dákú lọ́jọ́ kan, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án. GCC 13 dín iye fáìlì tí àwọn header C++ rẹ̀ ń pè níkọ̀kọ̀ kù, kóòdù tó ń lo uint32_t láìpe <cstdint> fúnra rẹ̀ sì ń kọsẹ̀ níbẹ̀. GCC 14, ti ọdún 2024, tún le jù bẹ́ẹ̀: kí èèyàn pe fọ́ńṣọ̀n tí kò tíì kéde nínú C, tó jẹ́ ìkìlọ̀ lásán tẹ́lẹ̀, ti di àṣìṣe tó ń dá iṣẹ́ dúró pátápátá.

Àtúnṣe gidi ni kí a tún kóòdù náà kọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo kóòdù ló jẹ́ tiwa, iṣẹ́ tí olùkọ́ fẹ́ gbà lọ́la kò sì lè dúró de àtúnṣe. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, irinṣẹ́ mìíràn ló ń pààlà fún wa. Ẹni tó bá ń fi CUDA 11.8, irinṣẹ́ NVIDIA fún kóòdù tó ń ṣiṣẹ́ lórí káàdì rẹ̀, ṣiṣẹ́ mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, nítorí bí nvcc, kọ̀ǹpáílà CUDA, bá bá gcc-12 pàdé, ohun tó máa kọ síta nìyí:

#error -- unsupported GNU version! gcc versions later than 11 are not supported!

Ẹlòmíràn tún wà tó fẹ́ lo std::format ti C++20, tí kò sì lè rí i lò àyàfi ní GCC 13 sókè. Kí ẹni kan náà ní àwọn ìṣòro yìí lórí ẹ̀rọ kan náà kì í ṣe nǹkan tuntun.

Ẹ jẹ́ ká fi gcc-9 àti gcc-12 kún gcc-11 tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀:

sudo apt update
sudo apt install gcc-9 g++-9 gcc-12 g++-12

Apt, irinṣẹ́ tí Ubuntu fi ń fa páákéèjì wálẹ̀, máa kọ iye MB tó fẹ́ fà wálẹ̀ àti iye àyè tó máa gbà lórí dísíìkì kó tó bi yín bóyá kó máa lọ. Ẹni tó ń ṣọ́ dátà rẹ̀ lè tẹ n níbẹ̀, kó sì padà wá nígbà tó bá wà níbi tí íntánẹ́ẹ̀tì ti rọjú. Bí apt bá ní òun kò mọ gcc-9, apá universe nínú ibi ìpamọ́ páákéèjì Ubuntu ni kò tíì ṣí. sudo add-apt-repository universe ló máa ṣí i.

Ẹ má ṣe gbàgbé g++. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Wọ́n á fi gcc-12 sórí ẹ̀rọ, wọ́n á gbé fáìlì .cpp fún un, ó di:

gcc-12: fatal error: cannot execute 'cc1plus': execvp: No such file or directory

Ohun tí ọ̀rọ̀ yìí ń sọ kò ṣòro. Ọ̀gá iṣẹ́ ti dé, òṣìṣẹ́ tó mọ C++ ni kò sí nílé, nítorí inú páákéèjì g++-12 ni cc1plus ti ẹ̀dà 12 ń gbé. Bí ẹ bá fẹ́ kúrú ọ̀nà, ẹ béèrè fún g++-12 nìkan, ó máa fa gcc-12 lọ́wọ́ wá. Òdìkejì rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀.

Bí apt bá ti parí, ẹ tẹ gcc --version. 11 ló ṣì máa sọ. Ẹnu máa ń ya èèyàn, wọ́n á rò pé apt kò ṣiṣẹ́, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ sí í fi í sórí ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kejì. Apt ti ṣiṣẹ́. Ẹ tẹ gcc-12 --version, ẹ̀dà 12 á dáhùn. Ẹ tẹ gcc-9 --version, ti 9 náà á dáhùn. Ẹ wá wo inú ilé tí wọ́n ń gbé:

ls /usr/lib/gcc/x86_64-linux-gnu/

9, 11 àti 12 ló máa tò síbẹ̀, fódà mẹ́ta gedegbe. Inú kọ̀ọ̀kan ni ẹ ti máa rí cc1, crtbegin.o, libgcc.a àti àwọn header tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan. Àwọn header C++ wà ní /usr/include/c++/9, /usr/include/c++/11 àti /usr/include/c++/12. (Lórí Ubuntu 24.04, tí gcc-13 jẹ́ ẹ̀dà rẹ̀ láti ilé, cc1 àti cc1plus ti ṣí lọ sí /usr/libexec/gcc/x86_64-linux-gnu/13, àwọn yòókù ṣì wà níbi tí wọ́n wà.) Bí ẹ bá ń ṣiyèméjì nípa cc1 tí ẹ̀dà kan ń lò, ẹ bi í léèrè, ó máa fi ọ̀nà náà hàn yín:

gcc-12 -print-prog-name=cc1

Ní báyìí, iṣẹ́ ojoojúmọ́. Fún fáìlì ẹyọ kan, kò sí wàhálà kankan:

gcc-12 -Wall -o isiro isiro.c
g++-9 -std=c++17 -o owo owo.cpp

Níbi tí Makefile (fáìlì tó ń sọ fún àṣẹ make bó ṣe máa kọ́ prógíráàmù) bá wà, ẹ kọ orúkọ kọ̀ǹpáílà sẹ́yìn make fúnra rẹ̀:

make clean
make CC=gcc-9 CXX=g++-9

Bó ṣe wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ "make" yìí ṣe pàtàkì. Bí ẹ bá kọ export CC=gcc-9 tẹ́lẹ̀, kí ẹ tó wá tẹ make lásán, Makefile tó bá ti kọ "CC = gcc" sínú ara rẹ̀ máa borí ohun tí ẹ kọ, gcc-11 á sì máa ṣiṣẹ́ lọ láìsọ fún yín. Ohun tí a kọ sórí ìlà àṣẹ make ló ń borí Makefile. Àwọn tó kọ Makefile tí wọ́n wá kọ gcc gidi sínú àṣẹ kọ̀ọ̀kan dípò $(CC) ti dínà ẹ̀dà mìíràn pátápátá. Fún irú wọn, ọgbọ́n kan ń bọ̀ nísàlẹ̀.

make clean, tó ń nu àwọn .o àtijọ́, náà kì í ṣe àṣejù. Ọjọ́ tí a fi kọ fáìlì ni make ń wò, kì í wo kọ̀ǹpáílà tó ṣe é. Bí ẹ bá yí láti gcc-11 sí gcc-9 láìnu àwọn .o àtijọ́, ìdajì prógíráàmù yín á jẹ́ iṣẹ́ ẹ̀dà 11, ìdajì yòókù á jẹ́ iṣẹ́ ẹ̀dà 9. Ó lè ṣiṣẹ́, ó sì lè kú lójijì, èyí tó bá sì ṣe, ẹ ò ní mọ ẹ̀dà wo ni ẹ ń dán wò. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ẹni tó ṣe prógíráàmù kan, ẹ wo àkọlé tí kọ̀ǹpáílà máa ń fi sínú rẹ̀:

readelf -p .comment isiro

Bí ẹ̀dà méjì bá fara hàn níbẹ̀, láàárín iṣẹ́ yín ni kí ẹ kọ́kọ́ wá a sí. Àmọ́ ẹ mọ̀ pé àwọn fáìlì kékeré tí glibc (láíbìrì C ti ẹ̀rọ) ń dá sí prógíráàmù náà lè fi àmì tiwọn síbẹ̀.

Fún ./configure, bákan náà ló rí: ./configure CC=gcc-9 CXX=g++-9. CMake, irinṣẹ́ mìíràn tó ń ṣètò kíkọ́ prógíráàmù, ló ní ìwà tirẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá ṣe é ló ń yan kọ̀ǹpáílà, ó sì ń kọ ọ́ sínú CMakeCache.txt. Láti ìgbà náà lọ, bí ẹ bá yí CC padà, kò ní ka yín sí. Nítorí náà, fódà ọ̀tọ̀ fún ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan ni ojútùú tó mọ́ jù:

cmake -S . -B build-9 -DCMAKE_C_COMPILER=gcc-9 -DCMAKE_CXX_COMPILER=g++-9
cmake --build build-9

Ẹ ṣe build-12 fún ẹ̀dà 12 lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ lè wá fi méjèèjì wéra nígbàkígbà. Ní ti nvcc, òun náà ní àyè tí a ti ń sọ fún un: nvcc -ccbin g++-11, ọ̀rọ̀ #error yẹn sì tán láìjẹ́ pé ẹ yọ gcc-12 kúrò.

Ní báyìí, update-alternatives. Òun ni ọ̀pọ̀ ojú ìwé lórí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń kọ́kọ́ darí èèyàn sí, òun náà ló sì ń dá wàhálà tó pọ̀ jù sílẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti yí ẹni tí orúkọ kúkúrú ń tọ́ka sí padà fún gbogbo ẹ̀rọ. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí:

sudo update-alternatives --install /usr/bin/gcc gcc /usr/bin/gcc-11 110 --slave /usr/bin/g++ g++ /usr/bin/g++-11
sudo update-alternatives --install /usr/bin/gcc gcc /usr/bin/gcc-12 90 --slave /usr/bin/g++ g++ /usr/bin/g++-12
sudo update-alternatives --config gcc

Nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn orúkọ fáìlì, 110 àti 90, ló ń sọ ẹni tó ṣíwájú bí ẹ kò bá yan ẹnikẹ́ni. Èyí tó tóbi ló ń borí. Àwọn kan máa ń fún ẹ̀dà tuntun ní nọ́ńbà tó tóbi jù. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀dà tí ẹ̀rọ bá wá láti ilé ni kí ẹ fi ṣíwájú. Apá --slave ń rí i dájú pé bí gcc bá yí, g++ á tẹ̀lé e. Láìsí i, gcc á di 12, g++ á ṣì jẹ́ 11, ẹ ó sì máa wá ìdí tí C àti C++ yín kò fi bára mu. Lẹ́yìn èyí, /usr/bin/gcc máa tọ́ka sí /etc/alternatives/gcc, tí òun náà á wá tọ́ka sí ẹ̀dà tí ẹ yàn.

Kí ló burú níbẹ̀? Àkọ́kọ́, páákéèjì tó ń jẹ́ gcc lásán, tí kò ní kọ̀ǹpáílà nínú bí kò ṣe àwọn àmì ìtọ́ka, òun ló ni /usr/bin/gcc. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣe àtúnṣe sí páákéèjì yẹn tí apt sì fà á wá, ó máa dá àmì ìtọ́ka rẹ̀ padà sí gcc-11, yíyàn yín á sì lọ láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ kan ohunkóhun. Èkejì, cc ń tọ́ka sí gcc láti ilé, nípasẹ̀ update-alternatives kan náà. Ohunkóhun tó bá ń pe cc á bá yín yí láìbéèrè.

Èkẹta ló burú jù, ẹ jẹ́ ká dúró lórí rẹ̀ díẹ̀. Kernel Linux tó wà lórí ẹ̀rọ yín, ìyẹn ọkàn Linux tó ń darí ẹ̀rọ náà, kọ̀ǹpáílà kan ló ṣe é, dírẹ́bà tó bá sì ń kọ́ ara rẹ̀ sórí kernel náà, irú ti káàdì NVIDIA tàbí ti Wi-Fi kan, gbọ́dọ̀ lo kọ̀ǹpáílà tó mọ gbogbo ọ̀rọ̀ tí kernel fi kọ́ ara rẹ̀. Ẹ lè ka orúkọ kọ̀ǹpáílà náà níbí:

cat /proc/version

Lórí Ubuntu 22.04 tó ti gba kernel 6.5, gcc-12 ni ẹ máa rí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ gcc-11 ni ẹ̀dà tó wà láti ilé. Bí dírẹ́bà bá wá gbìyànjú láti fi gcc-11 kọ́ ara rẹ̀, àṣìṣe tó máa jáde nìyí:

gcc: error: unrecognized command-line option '-ftrivial-auto-var-init=zero'

GCC 12 ni wọ́n kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ yìí sí, ẹ̀dà 11 kò tíì gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ọ̀pọ̀ ló ti rí i tí ojú kọ̀ǹpútà wọn ṣókùnkùn lẹ́yìn tí wọ́n tún un tàn, nítorí pé dírẹ́bà káàdì kò kọ́, wọ́n á sì rò pé káàdì ti bàjẹ́. Oògùn rẹ̀ ni kí gcc-12 wà lórí ẹ̀rọ, kí ẹni tó ń kọ́ dírẹ́bà náà sì pè é ní orúkọ kíkún: make CC=gcc-12. Kì í ṣe pé kí ẹ yí gcc gbogbo ẹ̀rọ sí 12 tàbí sí 9. Ẹni tó yí i sí 9 nítorí iṣẹ́ ilé-ìwé kan máa bá irú àṣìṣe yìí pàdé nígbà tí kernel tuntun bá dé, bóyá oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tó ti gbàgbé pé òun ṣe ohunkóhun.

Fún prógíráàmù alágídí tó kọ gcc gidi sínú ara rẹ̀, ọgbọ́n tí a ṣèlérí nìyí. Kò nílò sudo, kò sì kan ẹlòmíràn:

mkdir -p ~/gcc9/bin
ln -s /usr/bin/gcc-9 ~/gcc9/bin/gcc
ln -s /usr/bin/g++-9 ~/gcc9/bin/g++
export PATH=~/gcc9/bin:$PATH
hash -r

PATH ni àtòkọ àwọn fódà tí tẹ́míná ti ń wá àṣẹ. Nínú tẹ́míná yẹn nìkan, gcc ti di 9. Ẹ pa tẹ́míná dé, gbogbo rẹ̀ ti padà sípò. hash -r tó gbẹ̀yìn wà níbẹ̀ nítorí pé bash máa ń há ibi tó ti rí àṣẹ kan sórí. Bí PATH bá yí, bash fúnra rẹ̀ máa ń gbàgbé ọ̀nà àtijọ́, hash -r kàn ń mú un dájú ni. type -a gcc máa to gbogbo gcc tó wà lójú ọ̀nà síta, èyí tó wà lókè pátápátá ló ń jẹ́ ìpè.

A ti sọ pé ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan ní yàrá tirẹ̀. Nǹkan kan wà tí wọ́n jọ ń lò tó yẹ ká sọ dáadáa: láíbìrì C++ tí prógíráàmù ń lò nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, /usr/lib/x86_64-linux-gnu/libstdc++.so.6. Ẹyọ kan ṣoṣo ni, láìka iye gcc tó wà lórí ẹ̀rọ sí. Kò sì fa ìjà, nítorí láti GCC 3.4, tó jáde ní 2004, ni wọ́n ti ń fi nǹkan kún un láìyọ ti àtijọ́ kúrò. Tuntun máa ń gba àtijọ́. Àtijọ́ ni kì í gba tuntun. Àmì tí wọ́n fi ń mọ ohun tí wọ́n fi kún un ni nọ́ńbà GLIBCXX: GCC 10 dúró sí 3.4.28, GCC 11 sí 3.4.29, GCC 12 sí 3.4.30. Láti mọ ibi tí ti yín dé:

strings /usr/lib/x86_64-linux-gnu/libstdc++.so.6 | grep GLIBCXX

Lórí Ubuntu 22.04, ẹ máa rí 3.4.30 bí ẹ kò bá tilẹ̀ fi gcc-12 síbẹ̀, nítorí inú GCC 12 ni wọ́n ti mú láíbìrì náà. Ìdí nìyí tí páákéèjì kan tó ń jẹ́ gcc-12-base fi wà lórí ẹ̀rọ yín láti ọjọ́ tí ẹ ti fi Ubuntu 22.04 sórí rẹ̀. Ẹ má yọ ọ́.

Ibi tí ó ti ń dáni láàmú ni ìgbà tí a bá gbé prógíráàmù lọ sórí ẹ̀rọ tó dàgbà jù. Ẹ fi g++-12 ṣe é lórí 22.04, ẹ gbé e lọ sórí 20.04, ó lè kọ: "version `GLIBCXX_3.4.30' not found". Ẹ lè fi -static-libstdc++ kún àṣẹ nígbà tí ẹ bá ń so ó pọ̀, láíbìrì náà á wọ inú prógíráàmù. Ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí àṣìṣe kejì ti dúró sẹ́yìn rẹ̀: "version `GLIBC_2.34' not found". Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti kọ̀ǹpáílà mọ́. Glibc ni, 22.04 ní 2.35, 20.04 ní 2.31, kò sì sí ẹ̀dà gcc tó lè yanjú rẹ̀. Orí 20.04 ni kí ẹ ti ṣe prógíráàmù náà, tàbí inú kọ̀nténà ubuntu:20.04 bí ẹ bá ní Docker.

Ẹni tó ń lo conda, irinṣẹ́ tó ń ṣètò páákéèjì Python àti ti èdè mìíràn, tún lè rí ọ̀rọ̀ GLIBCXX kan náà lórí ẹ̀rọ tí láíbìrì rẹ̀ pé pérépéré. Ẹ fara balẹ̀ ka ọ̀nà fáìlì tó ṣáájú nínú ọ̀rọ̀ àṣìṣe náà. Bí ẹ bá rí "envs" tàbí "conda" níbẹ̀, libstdc++.so.6 ti conda ló ti dàgbà jù, kì í ṣe ti ẹ̀rọ. Inú conda yẹn ni kí ẹ ti tún un ṣe.

Clang, tó jẹ́ kọ̀ǹpáílà mìíràn, náà ń bẹ lábẹ́ òjìji gcc, èyí tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Lórí Linux, header C++ àti libstdc++ ti gcc ló sábà máa ń yá lò, ẹ̀dà gcc tó ga jù tó bá rí ló sì máa ń yàn. Bí ẹ bá fi gcc-12 sórí ẹ̀rọ láìfi g++-12 síbẹ̀, clang á rí fódà 12, á lọ síbẹ̀, á bá yàrá C++ ní òfìfo: "'iostream' file not found", tàbí "cannot find -lstdc++". Prógíráàmù tó ń ṣiṣẹ́ láàárọ̀ á kọ̀ lálẹ́ nítorí páákéèjì tí kò jọ pé ó kàn án. Ẹ tẹ clang -v, ìlà "Selected GCC installation" máa sọ ibi tó lọ. sudo apt install libstdc++-12-dev ló máa parí rẹ̀.

Bí ẹ̀dà tí ẹ fẹ́ kò bá sí nínú apt, ẹ máa rí ppa:ubuntu-toolchain-r/test, ibi ìpamọ́ páákéèjì tí a lè fi kún ti Ubuntu, níbi púpọ̀. Ó ń ṣiṣẹ́, ó sì ní gcc-13 fún 22.04, ṣùgbọ́n ó máa ń gbé libstdc++6 tuntun wá pẹ̀lú, ó sì máa fi rọ́pò ti gbogbo ẹ̀rọ. Ọ̀nà kejì ni kí ẹ fi ọwọ́ yín kọ́ gcc. Ó ń gba wákàtí àti GB tó pọ̀, nítorí gcc máa ń kọ́ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó fọkàn tán ara rẹ̀:

tar xf gcc-8.5.0.tar.xz
cd gcc-8.5.0 && ./contrib/download_prerequisites && cd ..
mkdir ko-8.5 && cd ko-8.5
../gcc-8.5.0/configure --prefix=/opt/gcc-8.5.0 --enable-languages=c,c++ --disable-multilib --disable-libsanitizer
make -j4
sudo make install

Ohun mẹ́ta ni kí ẹ má gbójú fò. Ẹ má kọ́ ọ nínú fódà kóòdù rẹ̀ gan-an, inú fódà ọ̀tọ̀ ni. Libsanitizer inú gcc àtijọ́, láíbìrì tó ń bá wa ṣọ́ àṣìṣe nígbà tí prógíráàmù bá ń ṣiṣẹ́, kì í sábà bá glibc tuntun rẹ́, ìdí nìyẹn tí a fi pa á. Ẹ má sì fi --prefix sílẹ̀ láé: bí ẹ kò bá kọ ọ́, /usr/local ló máa lọ, /usr/local/bin sì ṣíwájú /usr/bin nínú PATH, gcc 8.5 á wá gba orúkọ kúkúrú lọ́wọ́ gcc-11 lójú gbogbo ẹ̀rọ. Prógíráàmù C++ tí ẹ bá fi /opt/gcc-8.5.0/bin/g++ ṣe á lo libstdc++ ti ẹ̀rọ, tó jẹ́ tuntun jù tirẹ̀ lọ, kò sì ní wàhálà. Bó bá jẹ́ ẹ̀dà tó tuntun ju ti ẹ̀rọ lọ ni ẹ kọ́, irú bí 14 lórí 22.04, ẹ fi -Wl,-rpath,/opt/gcc-14.2.0/lib64 kún àṣẹ rẹ̀ kí prógíráàmù náà lè mọ ibi tí láíbìrì tirẹ̀ wà.

Lórí Red Hat àti àwọn ìbátan rẹ̀, gcc-toolset-12 àti ẹgbẹ́ rẹ̀ wà ní /opt/rh, scl enable gcc-toolset-12 bash ló sì ń ṣí i fún tẹ́míná kan. Lórí Mac, gcc tí ẹ ń tẹ̀, clang ni lábẹ́ aṣọ. Gcc gidi tí ẹ fi brew install gcc@12 mú wá, gcc-12 ni ẹ máa pè é.

Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ yọ ẹ̀dà kan kúrò, bí ẹ bá ti fi update-alternatives kan gcc rí, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ tú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ /usr/bin/gcc lè máa tọ́ka sí fáìlì tí kò sí mọ́:

sudo update-alternatives --remove-all gcc
sudo apt install --reinstall gcc g++
sudo apt remove gcc-9 g++-9

Àṣẹ kejì ló ń dá àmì ìtọ́ka àtilẹ̀wá padà sí ipò. Ẹ tẹ ls -l /usr/bin/gcc lẹ́ẹ̀kan sí i, gcc-11 ló yẹ kó wà lẹ́yìn ọfà náà.